Dáńdá Tó Dá Ọwọ́ Dúró

Ọ̀sán gangan ni Akíntóyè lọ jí àmì ọwọ́ àbúrò rẹ̀.

Àkùrọ̀ bàbá wọn wà lẹ́yìn ìlú Oǹdó, ní ìsàlẹ̀ oko kòkó kan tó ti di igbó. Omi kì í gbẹ níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀ẹ̀rùn le tó. Etí omi náà ni dáńdá ń hù sí, koríko kékeré tí kò ga ju orúnkún ọmọdé lọ, tí igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tó ní igun mẹ́ta, tí orí rẹ̀ sì funfun róbótó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ, tó fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, òórùn tó ń jáde níbẹ̀ kò jọ ti koríko. Ó dà bí òórùn yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ ọmọ tuntun nínú rẹ̀ tán.

Wúràọlá ti wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ti lọ. Oṣooṣù ló máa ń ti Àkúrẹ́ wá. Á bọ́ bàtà sétí oko, á kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, á sì fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lásán wa dáńdá. Kì í lo ọkọ́, kì í lo àdá. Bó bá fẹ́ dìde, ọwọ́ yẹn náà ló ń fi ti ilẹ̀. Akíntóyè rí àmì rẹ̀ kedere: àtẹ́lẹwọ́, ìka márùn-ún, àní àpá tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ dá sí i ní àtàǹpàkò pàápàá hàn.

Ó wo ẹ̀yìn. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ó fi àdá gé ẹrẹ̀ náà yí ká, ó sì rọra gbé e sórí àwo pẹrẹsẹ kan tó ti ilé mú wá. Bó ṣe gbé e ni omi rọ́ kún ihò tó ṣẹ́kù. Ó ki ìka bọ̀ ọ́. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn, bẹ́ẹ̀ omi àkùrọ̀ yẹn kì í lọ́ wọ́ọ́rọ́ láé.

Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ti ń ké láti ìgbà tó dé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

*

Ìkùnsínú náà ti pẹ́. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n, ìyá ló yàtọ̀. Akíntóyè ni àkọ́bí, ọmọ ìyálé, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilé ìwé girama kan ní Oǹdó. Wúràọlá jẹ́ aránṣọ ní Ìjọ̀mù ní Àkúrẹ́. Ó ti pẹ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń pe ilé ní “ulé” bí àwọn onílùú.

Bàbá wọn, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Olómi, ló ni oògùn tí ń dá oyún dúró. Obìnrin tí oyún bá ti bọ́ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, á wá. Bàbá á fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa dáńdá, á pe ọ̀rọ̀ sí i, obìnrin náà á sì máa mu ún lóṣooṣù títí wọn yóò fi gbọ́ ohùn ìyá, tí wọn yóò gbọ́ ohùn ọmọ. Nígbà tí ikú bàbá sún mọ́lé, ó ní kí Wúràọlá na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ó jẹ ataare, ó rún un, ó sì tu ú sínú ọwọ́ náà. Akíntóyè dúró lẹ́bàá ibùsùn, òun náà na ọwọ́ tirẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́.

“Ìwọ tíṣà,” ni bàbá wí, “ọwọ́ ni oògùn yìí ń gbé. Kì í gbé inú ìwé.”

Ó tó ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá ni Akíntóyè ti kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ilé Wúràọlá, kó má pe òun ní bàbá mọ́.

Lọ́dún tó kọjá ó dán an wò fúnra rẹ̀. Ó ti fi etí kọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn fèrèsé láti ìgbà èwe, ó sì mọ̀ ọ́n láìku ẹyọ kan. Ìyàwó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Peculiar ń wá Wúràọlá kiri, Akíntóyè ní kó má wulẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, òun náà ọmọ Bàbá Olómi ni. Ó wa dáńdá, ó pe ọ̀rọ̀, ó sè é. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni oyún náà bọ́. Ìyá ọkọ Peculiar wá dúró lẹ́nu géètì rẹ̀ láàárọ̀, lójú gbogbo àdúgbò.

“Tíṣà, ẹ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ oko o! Lọ́wọ́ Wúràọlá, oògùn ni. Lọ́wọ́ tiyín, koríko lásán ni!”

Ọ̀rọ̀ yẹn bá a jẹun, ó bá a sùn. Kò fẹ́ kí Wúràọlá kú. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó kàn fẹ́ kí ọwọ́ yẹn dákẹ́ ni.

*

Ìta-Ògbólú ló gbé ẹrẹ̀ náà lọ, ó fi ọ̀rá dì í sórí itan nínú mọ́tò. Wọ́n ti júwe ọkùnrin kan fún un níbẹ̀ tó ń jẹ́ Àdìgún. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, òwò ló gbé e wá. Adìyẹ ẹlẹ́yin ni Àdìgún ń sìn lójú ayé. Òórùn ìgbẹ́ adìyẹ ló kọ́kọ́ pàdé Akíntóyè lọ́nà, lẹ́yìn náà ariwo wọn, bí ẹni pé ọjà ń ná lẹ́yìn ògiri.

Àdìgún kò béèrè orúkọ rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù bọ́ọ̀lù tó ti ṣá, ó sì ń nu ẹyin lọ́kọ̀ọ̀kan. Akíntóyè tú ọ̀rá náà, ó gbé àwo sílẹ̀.

Gbogbo adìyẹ náà pa kẹ́kẹ́.

Àdìgún gbé ẹyin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó tẹ̀ síwájú wo àmì ọwọ́ náà, kò sì fọwọ́ kàn án.

“Ọwọ́ ẹni tí ń ṣe rere nìyí,” ó wí. “Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ kó dúró. Kó má lè wa nǹkan mọ́.”

“Ọ̀gá, ọwọ́ kì í dá wà. Àwọn tí ń jẹ lára rẹ̀ wà. Ẹ padà lọ béèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó wá bá mi.”

“Kò sí ẹni tèmi níbẹ̀.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Mo ní kò sí ẹni tèmi níbẹ̀!”

Àdìgún wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó fẹ́ fò sódò. Lẹ́yìn náà ó mi orí, ó wọlé, ó sì mú òwú dúdú jáde. Ó ní kí Akíntóyè to gbòǹgbò dáńdá márùn-ún tó ti fà yọ sápò ní àkùrọ̀ sínú àmì ìka márààrún. Ó wé òwú náà yí ẹrẹ̀ ká, ó sì ní kó máa tẹ̀ lé òun lẹ́nu:

“Dáńdá ló ní kó dá.
Omi tó ń ṣàn, dáńdá ní kó dá dúró.
Ẹsẹ̀ tó ń rìn, dáńdá ní kó dá dúró.
Ọwọ́ tó nà, kó ká.
Ọwọ́ tó ká, kó má nà mọ́.”

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ni! Ọ̀rọ̀ tí bàbá fi ń dá oyún dúró kan náà ni, a kàn yí ìdí rẹ̀ sókè ni. Irun orí Akíntóyè dìde, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dúró.

“Ẹ sin ín síbi tí omi kì í dé,” ni Àdìgún wí nígbà tí wọ́n parí.

“Bí mo bá fẹ́ tú u ńkọ́?”

“Ẹ ò tíì wọlé, ẹ ti ń béèrè ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde.” Ó ti padà sídìí ẹyin rẹ̀. Kò tún wo Akíntóyè mọ́.

*

Yàrá ẹ̀yìn tó ń kó àpò kòkó sí ló sin ín sí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, àfi pé òórùn dáńdá ń bẹ nínú ilé. Ó wà nínú omi ìwẹ̀ rẹ̀. Ó wà nínú ìrẹsì tó ń jẹ. Ó béèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bóyá ó ń gbọ́ òórùn kan, ìyàwó ní rárá.

Nígbà tó wọ ọ̀sẹ̀ kẹrin, fóònù rẹ̀ dún. Ọdún mẹ́sàn-án ni nọ́ńbà yẹn kò ti pè é.

“Bọ̀dá mi,” ni Wúràọlá wí. “Ẹ má pa fóònù, ẹ jọ̀ọ́. Ọwọ́ mi.”

Ìka kékeré ló kọ́kọ́ ká lójú oorun, ó wí. Lọ́jọ́ kejì, èyí tó tẹ̀ lé e. Báyìí gbogbo rẹ̀ ti di ìkúùkù. Wọ́n yà á ní fọ́tò ní ọsibítù, dókítà ní kò sí egungun tó kán, kò sí iṣan tó já. Dókítà fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe ọwọ́ náà.

Akíntóyè wọ mọ́tò lọ sí Àkúrẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ń lọ kí àbúrò òun ni. Irọ́ ni. Ó fẹ́ fi ojú rí i ni.

Ó rí i. Wúràọlá jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ tó fi aṣọ bò. Àwọn aṣọ tí kò tíì rán parí kọ́ sára ògiri bí èèyàn tí kò lórí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé itan, ọwọ́ náà di pinpin, èékánná ti wọ inú àtẹ́lẹwọ́.

“Ẹ kú ìrìn, bọ̀dá mi. Ẹ jókòó. Ẹ má bínú, mi ò lè bu omi dáadáa.” Ó fi ọwọ́ òsì bu omi fún un, ìdajì dà sílẹ̀.

Inú Akíntóyè dùn, ṣùgbọ́n adùn náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí omi ewúro. “Máa gbàdúrà,” ni gbogbo ohun tó rí sọ.

“Kì í ṣe iṣẹ́ aṣọ ló ń dùn mí,” ni Wúràọlá wí. “Obìnrin kan wà lọ́wọ́ mi, oyún oṣù márùn-ún. Ọjọ́ méje ló kù kí n wa tirẹ̀ ti oṣù yìí. Bí ọjọ́ yẹn bá kọjá tí ọwọ́ yìí kò kan dáńdá, oyún náà á bọ́.”

“Ta ni obìnrin náà?”

Wúràọlá wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. “Ó ní kí n má sọ.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn tèmi.”

Ó dìde, ó ti ẹsẹ̀ kan bọ́ síta. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ lórí ikùn rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó fà sẹ́yìn bí ẹni rí ejò.

“Dádì!”

Ọ̀rẹ́olúwa ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, tó wà nílé ọkọ ní Àkúrẹ́.

“Dádì, ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí àǹtí, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.” Ó ti kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, pẹ̀lú ikùn náà. “Mẹ́ta ló ti bọ́, Dádì. Ẹ ò mọ̀ nípa ìkẹta. Mi ò lè sọ fún yín. Èyí ló pẹ́ jù lára mi. Ó ti ń sọ nínú mi, ẹ fọwọ́ kàn án, ó ń sọ!”

Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó gbé e lé ikùn. Ohun kan yí lábẹ́ ọwọ́ Akíntóyè, kékeré, líle, bí ìgúnpá ọmọ.

*

Kò ya Àdìgún lẹ́nu pé ó padà wá. Kò tilẹ̀ ní kó jókòó.

“Ẹ sọ fún mi pé kò sí ẹni tiyín níbẹ̀.”

“Mi ò mọ̀ ni! Ẹ ràn mí lọ́wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.”

“Èmi kò ní agbára kankan nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ lọ wú u. Ẹ gbé e padà sínú ihò tí ẹ ti gé e, ihò yẹn gan-an, kó bá omi ibẹ̀ pàdé. Bí ẹ bá ṣì dá ihò náà mọ̀.”

Akíntóyè ti àpò kòkó sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wú ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn. Ẹrẹ̀ náà ti gbẹ, ó le bí bíríkì. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò márùn-ún tó tò sí i ti hù, nínú ilẹ̀ gbígbẹ, láìsí omi, láìsí oòrùn. Ewé wọn funfun bí òkú, wọ́n sì ti fi gbòǹgbò tuntun wé òwú dúdú náà títí òwú kò fi hàn mọ́.

Ó gbé e, ó sáré. Ọ̀sán gangan ló tún dé àkùrọ̀. Ibi tó dá mọ̀ dáadáa ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté ọ̀pẹ. Ó dé ibẹ̀, ó wo ilẹ̀.

Ihò wà níbẹ̀. Òmíràn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn tún wà níwájú. Gbogbo etí omi náà, láti ìdí kòkó dé ibi tí ojú rẹ̀ lè wò mọ, kún fún àmì ọwọ́ ọ̀tún, ọgọ́rùn-ún ó lé, bí ẹni pé gbogbo ìgbà tí Wúràọlá ti wá wa dáńdá láti ọdún mẹ́sàn-án ló jí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Omi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ẹnu. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń wò ó.

Ó ki ìka bọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo wọn tutù bí yìnyín. Ó ń sunkún, ó ń bú ara rẹ̀. Níkẹyìn ó yan ọ̀kan, ó sì gbé ẹrẹ̀ náà sí i. Ẹrẹ̀ náà yọ́, ó di omi dúdú, ó sì ṣàn lọ sínú àkùrọ̀. Dáńdá funfun márùn-ún náà rì.

Ó pe Wúràọlá lórí fóònù. “Báwo ni ọwọ́ rẹ?”

“Bó ṣe wà náà ló wà, bọ̀dá mi.”

*

Ọjọ́ méjì ló kù nígbà tó tún lọ bá a. Lọ́tẹ̀ yìí ó dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, tíṣà àgbà, lórí símẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù.

“Fún mi ní oògùn náà, Wúrà. Jẹ́ kí n wa á fún ọmọ náà.”

Wúràọlá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, kò fi ohùn sí i. “Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá ní kí n gbé e lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ẹnu ara yín béèrè, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣáájú. Ó ní bí òun bá fún yín nígbà yẹn, ẹ máa fi ṣe ìgbéraga ni. Tiyín ni, bọ̀dá mi. Mo kàn ń bá yín dì í mú ni.”

Akíntóyè dìde, ó na àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

Àtẹ́lẹwọ́ lórí àtẹ́lẹwọ́ ni wọ́n fi ń gbà á. Wúràọlá na ọwọ́ náà sí i. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná. Wọ́n fi òrí ra á. Akíntóyè mú ìka kékeré, ó fà á, kò nà. Ó mú ìkejì. Ó fà á pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, Wúràọlá sì fi eyín di ìborùn rẹ̀ mú kó má baà ké. Nǹkan kan ró kẹ́. Láti àárín ìkúùkù náà, òórùn dáńdá tú jáde, ó kún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

“Mo ti dá ẹrẹ̀ náà padà,” ni Akíntóyè ń wí láìmọ̀, òógùn ń já sílẹ̀ lójú rẹ̀. “Mo ti dá a padà sínú omi, ó yẹ kó ti tú, ó yẹ kó ti tú...”

Wúràọlá tú ìborùn kúrò lẹ́nu.

“Ẹrẹ̀ wo?”

Wọ́n wo ara wọn. Lóde, ẹnì kan ń polówó gúgúrú kọjá. Wúràọlá fa ọwọ́ rẹ̀ gbà, díẹ̀díẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó sì yí ojú sí ògiri. Kò bú u. Kò ké. Bí ó bá ti bú u ni, ì bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

“Ẹ máa lọ ulé,” ló wí.

*

Oyún náà bọ́ lọ́jọ́ keje, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin ni.

Wúràọlá ti fi ọwọ́ òsì wa dáńdá lọ́jọ́ tó ṣáájú, ó ti pe ọ̀rọ̀, ó ti sè é, Ọ̀rẹ́olúwa ti mu ún. Koríko lásán ni.

Nígbà tí Akíntóyè dé wọ́ọ̀dù, ọmọ rẹ̀ jókòó lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ gbẹ, ó sì ti wú. Ayọ̀kúnlé, ọkọ rẹ̀, dúró ti fèrèsé. Wúràọlá jókòó lórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìkúùkù náà lórí itan. Kò gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Dádì, ẹ wo ọwọ́ àǹtí mi,” ni Ọ̀rẹ́olúwa wí. “Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn. Àǹtí ò fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Ẹnì kan ló ṣe é.”

“Ọlọ́run ló mọ̀, ọmọ mi,” ni Wúràọlá wí.

“Kí Ọlọ́run tó mọ̀ ọ́n gbọ́ mi nígbà náà.” Ọ̀rẹ́olúwa gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. “Ẹni tó di ọwọ́ yìí, tó fi pa ọmọ mi, kó má fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé ọmọ ọmọ láéláé. Kó dàgbà dàgbà, kó má rí ẹni bu omi fún un. Lọ́jọ́ tó bá kú, kí ọmọ tó bí má mọ ibi tí wọ́n sin ín sí!”

“Àmín,” ni Ayọ̀kúnlé wí. “Àmín o, lágbára Ọlọ́run,” ni àwọn obìnrin tó wà lórí ibùsùn yòókù wí, nọ́ọ̀sì tó ń kọjá náà sì fi tirẹ̀ kún un. Wúràọlá nìkan ni kò la ẹnu.

Ọ̀rẹ́olúwa yí ojú sí bàbá rẹ̀. “Dádì, mi ò gbọ́ tiyín.”

Akíntóyè wo Wúràọlá. Wúràọlá ń wo ilẹ̀.

“Àmín,” ó wí.

“Mi ò gbọ́ o, Dádì.”

Ó sì tún un wí, sókè, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́.